Àtùpà Ewald Kò Tíì Padà

Hilda Kuczera ló máa ń fún wa ní àtùpà nígbà tí a bá fẹ́ wọ inú ilẹ̀ lọ wa èédú. Ojú fèrèsé kékeré kan ló máa ń jókòó sí. Wàá fún un ní àmì irin rẹ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, á fi í kọ́ sára ìṣó, á gbé àtùpà lé ọ lọ́wọ́. Á ní, "Ẹ dá a padà fún mi o." Gbogbo wa ló ń wí i fún. Kò sí ẹni tó rò pé torí àtùpà ló ṣe ń wí i.

Tí a bá jáde, a ó dá àtùpà padà, òun náà á dá àmì wa padà. Tí àmì kan bá ṣì wà lára ìṣó, ẹnì kan ṣì wà nísàlẹ̀ nìyẹn. Hilda kì í lọ sílé tí àmì kan bá ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá á ní, "Hilda, iṣẹ́ rẹ ti tán, ẹlòmíì ti dé." Á ní òun ti gbọ́. Kò ní dìde. Nígbà kan tí òkúta já, tí ọkùnrin kan há sísàlẹ̀, wọ́n ní kó bọ́ àmì rẹ̀ kúrò. Ó ní òun ò bọ́ ọ. Wọ́n gbé ọkùnrin náà jáde láàyè. Ẹsẹ̀ kan ti lọ, ṣùgbọ́n àtùpà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kọ́ o. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé.

Wọ́n ti ti ibi ìwakùsà náà pa tipẹ́. Koríko ti bò ó. Èmi àti Hilda ṣì wà nílé alábíríkì pupa kan náà ní àdúgbò wa, Lipiny, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyàwó mi náà ti kú. Èmi ní ẹyẹlé. Òun ní kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ń gbé kiri báyìí. Ewald, àbúrò rẹ̀, ló rà á bọ̀ láti Jámánì nígbà tí a ṣì ń tò sórí ìlà láti ra ẹran. Méjì ló rà, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Atari ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì lọ: ó ń yá tẹlifíṣọ̀n ilé lò fún ojú, ó ń yá kásẹ́ẹ̀tì lò fún ọpọlọ. Tí o bá ti pa á, ó ti gbàgbé ohun gbogbo, títí kan orúkọ rẹ.

Àwọn méjèèjì fúnra wọn kọ eré kan fún un. Eré ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi bírò ṣe lórí ìwé onílà. Oníkálùkù á fi ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú àwọn àpótí kéékèèké, ọkọ̀ gígùn, ọkọ̀ kúkúrú, títí dórí èyí tí kò ju àpótí kan ṣoṣo lọ. Ọkọ̀ méjì ò gbọ́dọ̀ fara kanra. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa pe àpótí fún ara yín bí ẹni tó ń yìnbọn, "D méje," "B mẹ́rin," ẹnì kejì á sì sọ bóyá o bà á tàbí o tàsé. Kọ̀ǹpútà Hilda ń rántí ibi tí ọkọ̀ Hilda wà àti ibi tó yìn sí, ti Ewald ń rántí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkíní ò mọ ohun tó wà nínú ìkejì. Kò sí wáyà kankan láàrin wọn. Ẹ̀gbẹ́ kejì àgbàlá ni Ewald ń gbé. Nítorí náà wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á máa pariwo.

"D méje!"

"O bà á, orí rẹ burú!"

"D mẹ́jọ!"

"O tàsé!"

Gbogbo àgbàlá ló máa ń dá sí i. Obìnrin tó ń fọ fèrèsé á ní, "Hilda, yìn sí ọ̀wọ́ C, ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó gbọ́ C!" Ewald á ní kí obìnrin náà gbájú mọ́ gíláàsì ilé rẹ̀.

Ewald máa ń ṣe màgòmágó. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń ṣe é. Kì í purọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Á jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ rì tán, kó wá ku ẹyọ kan, èyí alápòótí kan. Tí Hilda bá yìn ín, á dákẹ́ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ á wá rọ̀ bí bọ́tà. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ tàsé." Ìgbà kan ṣoṣo tó ń bọ̀wọ̀ fún un nìyẹn.

"Irọ́ lo ń pa, Ewald!"

"Ẹ wá wò ó!"

Hilda á sáré sọ̀kalẹ̀, á gba inú àgbàlá kọjá. Kó tó débẹ̀, Ewald á ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ti gbàgbé ohun gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kásẹ́ẹ̀tì, torí ó kàn mí. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni eré náà wà. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kásẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ kó o wọnú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ariwo kan tó ń ti inú tẹlifíṣọ̀n jáde, ó dà bíi kí ènìyàn máa fi eyín lọ irin. Ó ń pẹ́. Nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn nínú ilé. Pákó ni ilẹ̀ wa, ó ń mì. Tó bá mì, eré bàjẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ Hilda tó bá fẹ́ mumi á dúró sójú kan pẹ̀lú kọ́ọ̀bù òfìfo lọ́wọ́. Èmi tí mo wà nísàlẹ̀, inú bí mi nígbà kan, mo fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan àjà gbọ̀ngbọ̀n. Àjà mì, eré bàjẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ariwo náà lákọ̀tun. Mo kọ́ ọgbọ́n. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ títí á fi tán.

Ewald ló máa ń tọ́jú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni níbi ìwakùsà, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Síkúrù kékeré kan wà lára irin tó ń ka téèpù. Tí irin náà bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, kò ní mọ ohun tó ń kà. Ewald lu ihò sí ìdérí ẹ̀rọ náà, ó ń ti síkúrùdíráfà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, ó ń yí i, ó ń tẹ́tí. Ohùn tó bá há bíi ti ẹni tí òtútù mú, kò tọ́. Ohùn tó bá mú ṣáṣá, ó tọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ èédú parí, Ewald lọ sí Norway lọ jó irin mọ́ irin fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi gidi. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Sabina ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ọkọ síbẹ̀, Torleif ni orúkọ rẹ̀. Eré náà ò dúró. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ń ṣe é báyìí, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ṣì ń gbọ́ ọ láti àjà. Ariwo kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà, "D méje!" Lẹ́yìn náà, "Irọ́ lo ń pa!"

Ìgbà tó yá, mi ò gbọ́ mọ́.

Ẹ̀gbà ló kọlu Ewald. Ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Hilda á pè é, Sabina á gbé fóònù sí etí rẹ̀, Hilda á sọ̀rọ̀, á sọ̀rọ̀. Kò ní gbọ́ ju èémí lọ. Hilda wá sí ibi ẹyẹlé mi lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí garawa.

"Bọ̀dá Teofil, Sabina ní àwọn dókítà ò mọ̀ bóyá ó ṣì mọ ènìyàn."

"Sabina fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ló rò?"

"Ó ní òun sọ̀rọ̀ sí i, á máa wo ògiri. Ó fi ìwé àti bírò síwájú rẹ̀ kó bá a ṣe eré ọkọ̀, Ewald fi ọwọ́ bò ó, ó bú sẹ́kún. Ewald kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbi tó ti lè rí ọkọ̀ òun. Ọmọ náà ò mọ̀."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

"Lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n á mú un lọ sí ilé àwọn tí kò mọ ara wọn mọ́. Ó ti rẹ Sabina. Mi ò bá a wí. Ó ní, 'Àǹtí, tó bá jẹ́ pé ó wà nínú ibẹ̀, mi ò ní mú un lọ. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀?'"

Mo fún ẹyẹlé ní àgbàdo.

Hilda dìde. Ó ní, "Àtùpà rẹ̀ ò tíì padà. Mi ò bọ́ àmì."

Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti wọlé nìyí. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní Lipiny, gbọ̀ngàn àwọn panápaná ni wọ́n ti ń pàdé. Hilda máa ń lọ. Norbert ni olórí wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń jó wáyà mọ́ wáyà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú Norbert wá sókè, ó sì ránṣẹ́ pè mí, torí ó mọ̀ pé màá fẹ́ rí i. Òótọ́ ni, mo fẹ́ rí i. Norbert gbé àpótí dúdú kan jáde. Kò ju páálí sìgá lọ. Ó tì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà.

Mo ní, "Kí nìyẹn ń ṣe?"

"Ó ń mú Atari wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, Bàbá."

"Kọ̀ǹpútà yìí? Ó ti dàgbà ju íńtánẹ́ẹ̀tì lọ."

"Ní Lipiny, bẹ́ẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àpótí yìí ló máa sọ fún un pé, 'Èmi ni ẹ̀rọ díìsìkì rẹ, bí ti àtijọ́.' Á gbà. Àpótí á wá kọjú síta, á sọ fún íńtánẹ́ẹ̀tì pé, 'Kọ̀ǹpútà òde òní ni mí.' Ìyẹn náà á gbà."

"Ó ń purọ́ fún tọ̀tún tòsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn méjèèjì ò sì fura?"

"Ta ló bi wọ́n?"

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Tí mo bá fẹ́ kí ẹyẹlé dúró lórí ìtẹ́, ẹyin onígi ni mo máa ń fi sábẹ́ rẹ̀. Á sàba lé e tọkàntọkàn. Mo sọ ọ́ fún wọn. Norbert ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, pé òun á máa lò ó fún àlàyé. Ohun tí mo ṣì fẹ́ mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ dé Norway láìsọnù. Ẹyẹlé mi ń sọnù láàrin ibí àti ìlú Opole tí kò jìnnà. Norbert ṣàlàyé, ó pẹ́. Mo lóye apá kan.

Hilda pe Sabina. "Kọ̀ǹpútà bàbá rẹ dà?"

"Ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, Àǹtí. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú nù lọ́dún tó kọjá."

"Ká ní o jù ú nù, èmi náà ì bá jù ọ́ nù. Nù ún mọ́. Àpótí kan ń bọ̀ lọ́nà."

Norbert ṣe àpótí kejì, wọ́n fi ránṣẹ́. Ó wá ku eré fúnra rẹ̀. Hilda ní eré mìíràn ò wúlò. Ohun tuntun kì í dúró nínú orí Ewald mọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ lè wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń fi tẹ bọ́tìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń di sìgá mú. Ọwọ́ òsì náà ṣì dára.

Orí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni eré náà kù sí. Hilda fi kásẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ẹ̀rọ. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Norbert dúró bí òpó. Ó pẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ pé àṣìṣe wà. Hilda tún bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe. Norbert ní téèpù ti gbó, pé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá kà á, ó ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ ni. Ó ní, "Àǹtí Hilda, ṣé ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Mo nù ún ni."

"Ẹ kàn nù ún?"

Ojú Hilda yí padà. Ó ní, "Síkúrù kékeré kan wọ́. Mo tún un ṣe."

Obìnrin Lipiny ni. Àwọn ni wọ́n ń fi ọ̀dà pupa kun ẹnu fèrèsé lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àtẹ̀gùn ní ọjọ́ Sátidé. Tí wọ́n bá rí ohun tó wọ́, wọ́n á tún un ṣe. Ewald ló mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí síkúrù náà wọ́, kó lè bá kásẹ́ẹ̀tì yẹn mu. Hilda fi ọwọ́ ara rẹ̀ nà án gbọọrọ.

"Mo ti pa á," ni ohun tó wí.

Norbert mú síkúrùdíráfà, ó tì í bọ ihò. Ó ní òun á máa yí i díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò mọ ibi tó ń lọ, torí òun ò gbọ́ bí ohùn náà ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Hilda ní òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n etí òun ti rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ohun tó bá mú jù ò wọ ibẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Èmi gbọ́ ọ. Ẹ fi ohùn náà jẹ mí níyà fún ọdún gbọọrọ."

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé etí lé pákó, bó ṣe rí nígbà tí mo wà nísàlẹ̀. Hilda tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn náà há.

"Ó ń húkọ́," ni mo wí. "Yí i."

Norbert yí i.

"Ó burú sí i. Apá kejì."

"Báyìí?"

"Ó kù. Ó kù. Dúró. Padà díẹ̀. Má mí mọ́ mi létí, Norbert!"

"Mi ò mí, Bàbá!"

"Ibẹ̀ yẹn. Má yí i mọ́. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn gan-an."

Hilda dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. A ò rìn. Ẹyẹlé mi ń ké nísàlẹ̀, mo ń fi ọkàn bẹ̀ wọ́n. Ariwo náà lọ títí, ó dúró, tẹlifíṣọ̀n sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì: HILDA, EWALD. Norbert ò tilẹ̀ mí. Ó yára fi eré náà pamọ́ sínú àpótí dúdú, kó má baà sọnù mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá ni, kò sì pariwo rárá. Mo ní ṣé ó ti tán. Ó ní ó ti tán. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó bá yá tó bẹ́ẹ̀, o ò mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀.

Hilda fúnra rẹ̀ ló tún eré náà kọ, kó lè máa fi ọ̀rọ̀ rán sínú àpótí dípò kí ènìyàn máa pariwo. Norbert ń wò ó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa dáhùn fúnra rẹ̀. Ó mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Á sọ bóyá ẹ bà á tàbí ẹ tàsé. Kò ní yọ ọ́ lẹ́nu."

"Rárá. Òun ni kó dáhùn. Bọ́tìnnì kan fún 'o bà á,' ọ̀kan fún 'o tàsé.'"

"Tí kò bá lè ṣe é ńkọ́?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Ọjọ́ Àìkú kan ṣáájú Àjíǹde ni. Hilda se ẹran tí a ká bí ẹní pẹ̀lú ọ̀bẹ̀ àti àwọn òkèlè ọ̀dùnkún róbótó, ṣùgbọ́n òun ò jẹ ẹ́. Èmi àti Norbert jẹ ẹ́. Fóònù wà lórí tábìlì, Sabina wà nínú rẹ̀.

"Àǹtí, ó ti jókòó. Mo ti tan tẹlifíṣọ̀n."

"Kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Má wo ọkọ̀ rẹ̀."

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà."

Hilda fi eré ránṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè pé ká má rìn. Kò sídìí, kò sí kásẹ́ẹ̀tì mọ́, kò sí ohun tó lè mì. A ò rìn. Sabina ní, "Àǹtí?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Àǹtí, ó gbé ọwọ́ sókè. Torleif ń kọjá lọ, ó gbé ọwọ́ sókè sí i."

"Sọ fún Torleif kó dúró," ni Hilda wí. Ó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Ewald pẹ́ kó tó to ọkọ̀ rẹ̀. A rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà, ojú tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́: D7.

Mo ní, "Ó ti dé."

Hilda dáhùn. Ó yìn tirẹ̀. Ìdáhùn dé: o tàsé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà mìíràn, ó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Norbert á lọ yẹ wáyà wò. Hilda ń bà á, ó ń tàsé. Sabina sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló kàn ń tẹ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò lè mọ̀."

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣe sùúrù."

Èmi náà rò ó. Mo wo Norbert, mo rí i pé òun náà ń rò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ náà ń jáde bí ó ṣe yẹ. Èyí tó gùn rì. Àwọn tó tẹ̀ lé e rì. Kò sí èyí tó fara kan ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá ku ọkọ̀ kan, alápòótí kan. Hilda wá a kiri. Ó yìn ibi gbogbo tí ọkọ̀ lè wà, ó tàsé, ó tàsé. Nígbà tó yá, àpótí kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó lè gbà á. H mẹ́sàn-án. Kò sí ibòmíràn.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìdáhùn ò dé. A dúró. Tíì tutù nínú kọ́ọ̀bù mi.

Ó wá dé. O tàsé.

Norbert tú èémí jáde. Ó fọwọ́ kan èjìká Hilda. "Àǹtí Hilda, ẹ má bínú. Kò sí ibòmíràn tí ọkọ̀ náà lè wà. Kò mọ ohun tó ń tẹ̀."

Sabina gbọ́ ọ nínú fóònù. Mo gbọ́ tó fa imú.

Hilda ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó fi ìka kan àwọn àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè délẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀. Apá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni.

Ó ní, "Sabina. Wo ojú rẹ̀."

"Àǹtí..."

"Mo ní kí o wo ojú rẹ̀! Lọ síwájú rẹ̀!"

A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ kékeré.

"Ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ó... ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà!"

"Di ọwọ́ rẹ̀ mú!"

Hilda ti dìde. Ó lọ síbi fèrèsé. Ó ṣí i gbayawu. Ẹ̀gbẹ́ kejì àgbàlá, níbi tí Ewald ń gbé tẹ́lẹ̀, tọkọtaya kan láti Ukraine ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń sá aṣọ. Hilda kígbe sí wọn, kò rí wọn:

"Irọ́ lo ń pa, Ewald!"

Ọkùnrin náà ju aṣọ sílẹ̀. Mo juwọ́ sí i pé kò sí nǹkan. Norbert ń wò mí, mo sì ṣàlàyé fún un. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè ṣe àṣìṣe níbikíbi. Kò lè dáhùn òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó wá dúró de ọkọ̀ tó kẹ́yìn kó tó purọ́. Ewald nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo Lipiny, òun nìkan ni.

Kí Hilda tó ti fèrèsé, lẹ́tà ti yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ewald ti tún yìn. Ó bà á, ọkọ̀ Hilda tó kẹ́yìn sì rì. Ó borí. Hilda bú u pẹ̀lú gbogbo ohun tí a máa ń sọ nísàlẹ̀ ilẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Sabina ò mú un lọ lẹ́yìn Àjíǹde. Ewald kò tíì sọ̀rọ̀, bóyá kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ báyìí pé ó ń gbọ́, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́. Torleif ń kọ́ eré náà. Wọ́n ní màgòmágó Ewald ti ń bí i nínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń jókòó nísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ ariwo kankan láti àjà mọ́, àpótí dúdú kì í pariwo. Nítorí náà Hilda máa ń fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀, kí n má baà rìn. Mi ò ní rìn. Mo máa ń dúró títí màá fi gbọ́ tó ṣí fèrèsé.